Àìgúnrégé Ìlò-Ara: Ìperí fún Ìṣòro Ìgbà Èwe tí ó ń Bá Ni Dàgbà

Ìfáárà

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ìperí ní èdè Yorùbá ti rìn jìnnà. Ní ọdún 1970 ni Ètò Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀, níbi tí a ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 1984, ìdìpọ̀ kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ àbójútó Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ìdìpọ̀ kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, sì tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé wọ̀nyí gbájú mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ wúlò fún gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀. Ní ti ìmọ̀ ìlera, àwọn àìsàn tí ojú ń rí, tàbí tí ń dá ènìyàn wólẹ̀ lójijì, kò ṣe aláìní orúkọ: ibà, ìgbóná, gìrì, ẹ̀tẹ̀, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Èyí tí ó ṣòro láti rí orúkọ fún ni ìṣòro tí kò ní egbò, tí kò mú ara gbóná, tí ó sì fara pamọ́ sínú ìṣe ojoojúmọ́ ọmọdé.

Ọ̀kan nínú irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. A máa ń rí ọmọ tí ara rẹ̀ le, tí ojú rẹ̀ ríran, tí ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe dáadáa. Síbẹ̀, ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, bọ́tìnì ẹ̀wù ṣì ń dà á láàmú. Bí wọ́n bá rán an lọ pọn omi, ìdajì omi náà ni yóò dà sílẹ̀ kí ó tó délé. Lẹ́tà inú ìwé rẹ̀ ń gun ara wọn. Bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sí i, àyà ni yóò fi gbà á, kì í ṣe ọwọ́. Ìbéèrè méjì ni ó jẹ yọ lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìlera àti ìmọ̀ọ́ṣe rẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà? Èkejì ni pé, orúkọ wo ni ó yẹ kí èdè Yorùbá fún ìṣòro rẹ̀? Ìbéèrè méjèèjì so mọ́ ara wọn, nítorí pé orúkọ tí a bá fún ohun kan ni ó sábà máa ń pinnu ohun tí a ó ṣe sí i. Ìpín kẹfà ni àríyànjiyàn lórí orúkọ yóò ti wáyé. Títí di ìgbà náà, "àìgúnrégé ìlò-ara" ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pe ìṣòro náà.

1. Oríkì ìṣòro náà

Kì í ṣe òní ni àwọn onímọ̀ ìlera ti ń kọ̀wé nípa irú ọmọ wọ̀nyí. Ní ọdún 1937, Samuel Orton, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mẹ́nu bà wọ́n nínú ìwé tí ó kọ lórí ìṣòro ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ọ̀rọ̀ sísọ láàrin àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1975, Sasson Gubbay, oníṣègùn ọpọlọ ní ilẹ̀ Ọsirélíà, kọ odidi ìwé kan lé wọn lórí. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà náà kò dùn létí; bí a bá tú u sí Yorùbá, kò ju "ọmọ tí ó gọ̀" lọ. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní ìlú London tí ó wà ní Ontario, ní ilẹ̀ Kánádà, wọ́n sì fẹnu kò sórí orúkọ kan, èyí tí í ṣe "developmental coordination disorder". Àwọn mìíràn, pàápàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì ń pè é ní "dyspraxia".

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìwé kan tí wọ́n fi ń to irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Nínú ẹ̀dà karùn-ún ìwé náà, tí ó jáde ní ọdún 2013, àmì mẹ́rin ni a fi ń dá ìṣòro yìí mọ̀:

(i) Ìmọ̀ọ́ṣe ọmọ náà nínú ìlò ara kéré púpọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní àǹfààní láti kọ́ ọ bí àwọn yòókù.
(ii) Àìtó ìmọ̀ọ́ṣe yìí ń dí i lọ́wọ́ nínú ìtọ́jú ara rẹ̀, nínú ẹ̀kọ́, nínú iṣẹ́ tàbí nínú eré.
(iii) Ìgbà èwe ni ó ti bẹ̀rẹ̀.
(iv) Kì í ṣe àìríran, tàbí àìpé ọpọlọ, tàbí àrùn tí ó ba ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà darí ara jẹ́, ni ó fà á.

Ìwé kan náà fi yé wa pé láàrin àwọn ọmọ ọdún 5 sí 11, ọmọ 5 sí 6 nínú 100 ni ó ní ìṣòro yìí, àti pé ó wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọmọkùnrin ju àwọn ọmọbìnrin lọ. Bí a bá fi èyí ṣe òṣùwọ̀n, kíláàsì tí ó ní akẹ́kọ̀ọ́ 40 yóò ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí i méjì. Àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé kí a tó bí wọn wà lára àwọn tí ìṣòro náà sábà máa ń bá jà.

Láti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, ẹ jẹ́ kí á wo ohun kékeré kan: nína ọwọ́ láti mú ife omi. Kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, ọpọlọ ti ṣírò bí ife ti jìnnà tó, bí yóò ti wúwo tó, àti ìgbà tí ó yẹ kí ìka ṣí kí wọ́n sì pa dé. Bí ọwọ́ bá fẹ́ ṣìnà, a ti tún ìṣirò náà ṣe kí ojú tó rí àṣìṣe. A lè pe èyí ní ìṣirò-ṣáájú. Nígbà tí ènìyàn bá ti ṣe ohun kan lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò náà á mọ́ ọn lára, kò sì ní í máa ronú sí i mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn fi lè máa gùn ún kí ó sì máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìṣirò-ṣáájú yìí kì í dúró déédéé fún ọmọ tí ó ní àìgúnrégé ìlò-ara, àti pé ó máa ń pẹ́ kí ohun tí ó kọ́ tó mọ́ ọn lára. Ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe láìronú, òun ní láti ro ó ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń tètè rẹ̀ ẹ́.

2. Ohun tí ìṣòro náà kì í ṣe

Ó ṣe pàtàkì láti ya ìṣòro yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn mìíràn tí ó fara jọ ọ́, nítorí pé ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èkíní ni rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Kòkòrò àrùn ni ó ń fà á. Ó ń pa iṣan tí ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí apá tàbí ẹsẹ̀, ẹ̀yà ara náà á sì rọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé irúfẹ́ kòkòrò náà ti ìpilẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá jà ní kékeré ṣì wà láàrin wa gẹ́gẹ́ bí àgbà. Nínú wọn, a rí àwọn tí àárẹ̀ àti àìlágbára tuntun ń kọlu iṣan wọn ní ọdún 15 sí 40 lẹ́yìn tí àrùn náà ti lọ. Èyí fi hàn pé ohun tí ó ṣe ara ní èwe lè sùn fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó jí.

Èkejì ni ìpalára ọpọlọ tí ó ń dí ìlò ara lọ́wọ́. Ó lè wáyé nínú oyún, tàbí nígbà ìbímọ bí ọmọ kò bá tètè mí, tàbí láti ọwọ́ ibà pọ́njú jòjòló tí ó le jù. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń le gan-an, tàbí kí ó rọ̀ jù, oníṣègùn sì lè fi ọwọ́ àti ojú mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni pípẹ́ rìn lásán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí Gánà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èsì rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé láti nǹkan bí oṣù 8 sí oṣù 18 ni àwọn ọmọ tí ara wọn yá máa ń dá rìn. Àlàfo náà gbòòrò. Ọmọ tí kò rìn ní oṣù 14 nígbà tí ti aládùúgbò rìn ní oṣù 10 kò tíì ní ìṣòro kankan.

Níbi tí a bá dé yìí, ọ̀rọ̀ kan ń fẹ́ àtúnṣe. Iṣan ni Yorùbá ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan náà ni à ń pe ohun tí ń fún apá lágbára. Iṣan kan náà ni à ń pe ohun tí ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ wá sí ẹ̀yà ara. Ní ọjà tàbí nínú ilé, èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá ọmọ pé "iṣan rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa", ìyá lè lọ ra òróró ìfọ́ra, kí ó máa fi wọ́ apá ọmọ tí kò rọ. Àbá àpilẹ̀kọ yìí ni pé kí á pè wọ́n ní iṣan-ẹ̀jẹ̀, iṣan-okun àti iṣan-òjíṣẹ́. Nínú àìgúnrégé ìlò-ara, kò sí èyí tí ó kú nínú iṣan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

3. Ipa rẹ̀ lórí ìlera àgbà

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò àwọn òbí àti oníṣègùn ni pé ọmọ yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀. Ìwádìí atọpasẹ̀, èyí tí a fi ń tẹ̀ lé àwọn ènìyàn kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni ó fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni fún púpọ̀ nínú wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èsì ìwádìí kan jáde ní ọdún 1991 lórí àwọn ọmọ 17 tí a ti ṣàkíyèsí ìṣòro yìí lára wọn ní ọmọ ọdún 6. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 16, ìṣòro ìlò ara ṣì wà lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, ti ẹ̀kọ́ àti ti ọkàn sì ti kún un. Ní ilẹ̀ Finland, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1994 tọpasẹ̀ àwọn ọmọ láti ọdún 5 dé ọdún 15, ó sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò tíì bá ẹgbẹ́ wọn dọ́gba. Ìwé tí ó jáde ní ọdún 2013 tí a mẹ́nu bà lókè sọ pé ó ń bá ọmọ 50 sí 70 nínú 100 lọ kọjá ìgbà èwe.

Báwo ni ọwọ́ tí kò gún régé ṣe ń di àìsàn lára àgbàlagbà? Ọ̀nà tí ó ń gbà kì í ṣe tààrà. Eré ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò lè fo sùwé láìtẹ ìlà, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bí ó bá gbá bọ́ọ̀lù, yóò yáa jókòó sí abẹ́ igi láti máa wòran. Bí kò bá ṣeré, ara rẹ̀ kò ní í kọ́ ohun tuntun. Bí kò bá kọ́ ohun tuntun, yóò túbọ̀ máa sá fún eré. John Cairney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní Ontario. Wọ́n rí i pé àwọn tí ó ní ìṣòro yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ lo ara wọn, pé èémí wọn kì í gùn nínú eré ìdárayá, àti pé ìsanrajù wọ́pọ̀ láàrin wọn ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìsanrajù àti àìlo ara jẹ́ ara ohun tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti àrùn ọkàn nígbà àgbà. A ti gbin èso náà kí ọmọ tó pé ọdún 12.

Egungun pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé rírù, fífò àti sísáré ni ó ń mú kí egungun ọmọdé gbó dáadáa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Skọ́tíláǹdì àti Wales, a ti ń tọpasẹ̀ àwọn ọmọ tí a bí ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹta ọdún 1946. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2017 fi hàn pé láàrin àwọn ọkùnrin inú wọn, egungun àwọn tí ó pẹ́ kí wọ́n tó rìn ní kékeré kò lágbára tó ti àwọn yòókù nígbà tí wọ́n di ẹni ọdún 60 sí 64. Ibi tí egungun arúgbó ti sábà máa ń ṣẹ́ gan-an ni èyí ti hàn. Pípẹ́ rìn kì í ṣe àìgúnrégé ìlò-ara, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìwádìí yìí fi hàn pé ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló ṣe lè ní àmì lára bàbá àgbà.

4. Ipa rẹ̀ lórí ìmọ̀ọ́ṣe àti ọkàn

Nígbà tí ènìyàn bá dàgbà, ohun tí ayé ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ á yí padà. Kò sí ẹni tí ó tún ń ní kí ó gba bọ́ọ̀lù mú, ṣùgbọ́n ó ní láti fá irùngbọ̀n, kí ó bẹ́ iṣu, kí ó di ọmọ sẹ́yìn, kí ó wa ọkọ̀, kí ó sì tètè kọ ohun tí olùkọ́ ń sọ ní yunifásítì. Ìwádìí kan tí Amanda Kirby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó ní ìṣòro yìí tí ó mọ ọkọ̀ wà kò pọ̀ tó ti ẹgbẹ́ wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà. Ẹni tí ń wakọ̀ ní láti yí ọwọ́, tẹ ẹsẹ̀, wo ẹ̀yìn, kí ó sì ṣírò eré ọkọ̀ ẹlòmíràn nígbà kan náà, ohun tí kò bá sì tíì mọ́ni lára kò ṣeé ṣe pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibi tí èyí ti le jù ni ìkọ́ṣẹ́. Bí ọmọ kò bá ṣe dáadáa nílé-ìwé nítorí pé ìwé kíkọ rẹ̀ lọ́ra, ìmọ̀ràn tí ó yá jù lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọn kò mọ̀ pé ọwọ́ gan-an ni ìṣòro rẹ̀ wà. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ aránṣọ. Ó gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ nípa ìwọ̀n àti gígé, ó tilẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò gba òwú fún un, sísọ́ sì ń gba igun ibi tí kò yẹ. Lẹ́yìn ọdún kan, ọ̀gá á dá a padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ọ̀lẹ. Bí ọ̀dọ́ bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé, nílé-ìwé àti níbi iṣẹ́, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

Ìwádìí lórí ọkàn bá èyí mu. Àìbalẹ̀-ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọ́pọ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà tí ó ní ìṣòro yìí ju láàrin àwọn yòókù lọ. Ní ìlú Gothenburg ní ilẹ̀ Sweden, Peder Rasmussen àti Christopher Gillberg tọpasẹ̀ àwọn ọmọ ọdún 7 tí àìlèfarabalẹ̀ ń bá jà, tí púpọ̀ nínú wọn sì ní àìgúnrégé ìlò-ara pẹ̀lú. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé nígbà tí wọ́n pé ọdún 22, ayé kò rọgbọ fún 58 nínú 100 wọn, nígbà tí ó jẹ́ 13 nínú 100 péré láàrin àwọn tí a fi wé wọn. Ìṣòro méjì ni ó pàdé lára púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí, a kò sì gbọdọ̀ ka gbogbo rẹ̀ sí ti ìlò ara nìkan lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣe kedere: bí ọmọ bá ní ìṣòro kan tí a rí, kí á wò bóyá èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀.

5. Ìrànlọ́wọ́ tí ó wà

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn ìlànà tí àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2012 àti ọdún 2019 dá lé ohun kan tí kò ṣòro láti lóye: ohun tí ọmọ nílò gan-an ni kí á fi kọ́ ọ. Bí bọ́tìnì ni ó ń dà á láàmú, bọ́tìnì ni kí ó máa fi dánra wò, kì í ṣe eré ìdárayá gbogbogbòò tí a rò pé yóò fún ọwọ́ rẹ̀ lágbára. A lè pe èyí ní ìdánrawò ojú-iṣẹ́.

Ọ̀nà kan tí Helene Polatajko àti Angela Mandich gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ Kánádà ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin: àfojúsùn, ètò, ìṣe, àyẹ̀wò. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Yóò ronú ọ̀nà tí ó fẹ́ gbà. Yóò ṣe é. Lẹ́yìn náà ni yóò wò ó bóyá ètò rẹ̀ ṣiṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún un ṣe. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti béèrè ìbéèrè, kì í ṣe láti já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà yìí wúlò fún àgbà pẹ̀lú, ìbáà ṣe ẹni tí ń kọ́ ọkọ̀ wíwà tàbí ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ.

Yàtọ̀ sí èyí, ohun púpọ̀ wà tí kò ná ni lówó. Kí olùkọ́ fún ọmọ ní àkókò díẹ̀ sí i láti kọ̀wé. Kí á jẹ́ kí ó dáhùn ìbéèrè lẹ́nu nígbà tí ìmọ̀ ni à ń dán wò, tí kì í ṣe ìwé kíkọ. Kí á wá eré tí kò ní ìdíje fún un, irú bíi rírìn, lílúwẹ̀ẹ́ àti ijó, kí ara rẹ̀ má baà dákẹ́. Kí ọ̀gá iṣẹ́ pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí ó jẹ́ kí ọ̀kan mọ́ ọmọ iṣẹ́ lára kí ó tó fi òmíràn kún un.

6. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ àti ìperí tuntun

Kí a tó ṣẹ̀dá ìperí, ó yẹ kí á yẹ ohun tí ó wà nínú èdè wò. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n Yorùbá láti fi júwe iṣẹ́ tí kò gún: jákujàku, wúruwùru, jágbajàgba. Iṣẹ́ ni àwọn wọ̀nyí ń júwe. Nígbà tí ó bá kan ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà, àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò á yí padà di ti ìwà tàbí ti ọgbọ́n: ọ̀lẹ, aláìbìkítà, aláìfarabalẹ̀, ọ̀dẹ̀, ó gọ̀. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀-ìṣe "gọ̀". Ó ń sọ nípa ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ó sì ń sọ nípa ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ náà ni "já fáfá", tí í ṣe òdì-kejì rẹ̀, ń yin ara àti ọpọlọ pọ̀. Èdè náà kò yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí náà ni ó fi ṣòro fún ẹni tí ń sọ ọ́ láti rò pé ọmọ kan lè gbọ́n kí ọwọ́ rẹ̀ má yá.

Àbá mẹ́rin ni ó ṣeé gbé yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni kí á yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò, kí á pè é ní "dìsípíráásíà". Àyálò kò burú fúnra rẹ̀. Bọ́tìnì àti bọ́ọ̀lù ti di tiwa. Ṣùgbọ́n àyálò yìí kò sọ ohunkóhun fún ìyá ọmọ. Èkejì ni "àìsàn ìlò-ara". Èyí yóò mú kí àwọn ènìyàn máa wá oògùn, kò sì sí oògùn kankan tí ń wò ó. Ẹ̀kẹta ni "àìlera ara". Èyí lòdì sí òtítọ́, nítorí pé iṣan-okun ọmọ náà kò ní àléébù. Ẹ̀kẹrin ni "àìgúnrégé ìlò-ara".

"Gún régé" jẹ́ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ àpọ́nlé rẹ̀. A ń lò ó fún ohun tí gbogbo apá rẹ̀ bá ara wọn mu: aṣọ tí ó gún régé lára ẹni, ètò tí ó gún régé. Bí nǹkan kò bá gún régé, kò túmọ̀ sí pé ó bàjẹ́ tàbí pé a kò ní ohun èlò rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé àwọn apá rẹ̀ kò tíì bá ara wọn mu, ó sì ṣeé tún tò. Èyí gan-an ni ìròyìn ìṣòro yìí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "àì-" sì máa ń sọ odidi àpólà-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nínú àìfarabalẹ̀ àti àìgbọ́ra-ẹni-yé. Nítorí náà ìperí náà bá òfin èdè mu, kò sì ṣàjèjì létí. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní kíkún, a lè sọ pé "àìgúnrégé ìlò-ara ti ìgbà èwe", kí ó lè yàtọ̀ sí ti ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ní àgbà.

Ìkìlọ̀ kan kò ṣe é fi sílẹ̀. Láti ara ìperí yìí, ó rọrùn láti ṣẹ̀dá "aláìgúnrégé" fún ẹni tí ó ní ìṣòro náà. Kò yẹ kí á ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè wa ti ní arọ, abuké àti amúkùn-ún, níbi tí àléébù ti gbé ènìyàn mì tí a kò rí ènìyàn náà mọ́. Ẹ fi wọ́n wé rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀: àrùn ni ó ń ṣe iṣẹ́ nínú gbólóhùn yẹn, ọmọ ni ó sì ṣe é fún. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ èdè lò. "Ọmọ tí ìlò-ara rẹ̀ kò gún régé" gùn ju "aláìgúnrégé" lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ni ó ṣáájú nínú rẹ̀.

7. Àkójọ ìperí

Àìgúnrégé ìlò-ara: ìṣòro láti ìgbà èwe, nínú èyí tí ìlò ara kò dé ìwọ̀n ọjọ́ orí, láìjẹ́ pé àrùn iṣan tàbí àìpé ọpọlọ ni ó fà á.
Ìdánrawò ojú-iṣẹ́: kíkọ́ ìmọ̀ọ́ṣe nípa ṣíṣe ohun tí a nílò rẹ̀ gan-an.
Ìlò-ara: bí ọpọlọ, iṣan àti egungun ti ń bá ara wọn ṣe ohun tí ènìyàn pinnu.
Ìlò-ara gbòòrò: èyí tí ó kan gbogbo ara, bíi sísáré, fífò àti rírù.
Ìlò-ara wẹ́wẹ́: èyí tí ó kan ọwọ́ àti ìka, bíi kíkọ̀wé, dídi bọ́tìnì àti rírán aṣọ.
Ìmọ́nilára: ìgbà tí ìmọ̀ọ́ṣe kò gba ìrònú mọ́.
Ìṣirò-ṣáájú: ohun tí ọpọlọ ń ṣírò kí ẹ̀yà ara tó gbéra, àti nígbà tí ó ń lọ lọ́wọ́.
Iṣan-ẹ̀jẹ̀: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá.
Iṣan-okun: èyí tí ń fa egungun kí ẹ̀yà ara lè gbéra.
Iṣan-òjíṣẹ́: èyí tí ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ẹ̀yà ara, tí ó sì ń mú èsì padà.
Ìwádìí atọpasẹ̀: ìwádìí tí ń tẹ̀ lé àwọn ènìyàn kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ó hàn nínú gbogbo àlàyé yìí ni pé àìgúnrégé ìlò-ara kì í dúró sí ìgbà èwe fún púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá jà. Ó ń gba ojú eré wọ inú ìlera, ó ń gba ojú ìwé kíkọ wọ inú iṣẹ́, ó sì ń gba ojú ẹ̀gàn wọ inú ọkàn. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a lè dí, bí a bá tètè mọ ohun tí à ń dí. Olùkọ́ tí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu, tí í ṣe ọ̀lẹ, pàṣán ni yóò mú. Olùkọ́ tí ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn yóò béèrè pé kí ni kò gún régé, àti níbo. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwọn onímọ̀ èdè, àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni láti gbé àwọn ìperí wọ̀nyí lọ sí kíláàsì, sí ilé ìtọ́jú aláboyún àti sí orí rédíò, kí á lò wọ́n, kí á yẹ̀ wọ́n wò, kí á sì pààrọ̀ èyí tí kò bá tẹ́ àwọn tí ń sọ èdè náà lọ́rùn.